Ẹ Ká Páálí Orí Ilẹ̀kùn Yín

Oṣù kẹta ní ilẹ̀ Hausa kò mọ ọmọ olówó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n là á mọ́lẹ̀: àwa fúnra wa là ń se ara wa.

Ihò gbọọrọ tí àwọn tó kọ́ ilé wa dá sí òkè ilẹ̀kùn, wọn kò dá a fún ẹwà. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́ ju tútù lọ, òkè ló ń lọ. Ẹni tí kò bá gbà, kí ó ṣí ilẹ̀kùn lálẹ́ nígbà tí yàrá bá móoru ju ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ, kí ó sì tan àbẹ́là. Bó bá gbé e sí òkè ẹnu ọ̀nà, iná á tẹ̀ síta; bó bá gbé e sísàlẹ̀, á tẹ̀ wọlé. Bí a bá wá ti ilẹ̀kùn nítorí olè, ihò òkè yẹn nìkan ló kù fún ooru láti gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ jáde. Òun náà la tún fi páálí dí nítorí ẹ̀fọn! Ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì òkè ló ń jẹ ìyà rẹ̀. (Ẹni tó bá sì ń fi sítóòfù dáná nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀, n kò mọ ohun tí à bá pè é.)

Ọ̀rọ̀ oorun nìkan kọ́. Yàrá tí èrò há sí, tí afẹ́fẹ́ kò rìn nínú rẹ̀, ni yírùnyírùn fẹ́ràn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní 1996, ó pa ju 11,000 ènìyàn lọ ní Nàìjíríà, ìhà Àríwá níbí ló sì ti jà jù.

Nẹ́ẹ̀tì ni kí á kàn síbẹ̀. Àwọn aláṣẹ ló yẹ kó rà á. Bí wọn kò bá rà á, kí yàrá kọ̀ọ̀kan dáwó kó tó di oṣù kẹrin.