Òdòdó Oòrùn Ní Ẹ̀yìnkùlé Wa

Àwọn kan wà láàrin wa tí wọ́n gbà pé ẹ̀yìnkùlé kò yẹ fún ohun mìíràn bí kò ṣe ata, ẹ̀fọ́ tàbí sìmẹ́ǹtì. Bí wọ́n bá rí ẹni tí ó gbin òdòdó tí Òyìnbó ń pè ní sunflower, tí àwa yóò máa pè ní òdòdó oòrùn, wọn a ní ẹni náà kò ríṣẹ́ ṣe. Àwọn mìíràn gbìn ín lẹ́ẹ̀kan, ó bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n sì búra pé ilẹ̀ Akínmọ̀ọ́rìn kò gbà á. Ìhà méjèèjì ni a fẹ́ dá lóhùn.

Ní ìṣáájú, òdòdó yìí kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ lásán. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ ti ń jẹ èso rẹ̀ kí Òyìnbó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Rọ́ṣíà àti Ukraine ni ó ń fún òróró rẹ̀ jù lọ ní ayé, ìdí nìyí tí owó òróró fi gòkè ní ọjà káàkiri nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ láàrin wọn ní 2022. A kò sọ pé igi mẹ́wàá lẹ́yìnkùlé yóò gba ìyàwó ilé lọ́wọ́ ẹni tí ń ta òróró; ṣùgbọ́n èso tí àwọn ọmọ yan jẹ, tí a sì fi ìyókù bọ́ adìẹ, kì í ṣe ohun asán.

Ayọ̀ ojú wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí ó ṣì kéré, a máa kọjú sí ìlà-oòrùn láàárọ̀, a tẹ̀lé oòrùn títí dé ìwọ̀, a sì padà lóru. Bí ó bá dàgbà tán, kò yí mọ́. Ìlà-oòrùn nìkan ni yóò kọjú sí. Ní 2016, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì California fi hàn pé oòrùn òwúrọ̀ tí ń mú ojú rẹ̀ móoru ni ó ń tètè fa oyin wá. Bí oyin kò bá sì bẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, púpọ̀ nínú èso rẹ̀ yóò jẹ́ èèpo òfìfo. Nítorí náà, ẹni tí ó ń fọ́n oògùn kòkòrò nígbà tí òdòdó tanná ń ba tirẹ̀ jẹ́ ni.

Nísinsìnyí, kí ni ó ń dá àwọn tí ó gbìn ín lágara? Àkókò ni. Nígbà àkọ́rọ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ń gbìn ín, nítorí pé ìgbà náà ni ọkọ́ ti wà lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni yóò gbó nínú òjò ńlá, omi yóò dúró sí i lórí, yóò sì rà. Ẹni tí ó bá gbìn ín ní oṣù kẹjọ, kí òjò àrọ̀kúrò lè bá a nílẹ̀, yóò ká a lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin, nígbà tí ọyẹ́ ń bọ̀. Àwọn ará Fìdítì tí a mọ̀ mọ ọsàn kì í bú igi ọsàn pé kò so ní àkókò tí kì í ṣe tirẹ̀.

Àwọn ọ̀tá rẹ̀ pọ̀. Ìrẹ̀ àti ìgbín a máa jẹ ọ̀jẹ̀lẹ́ rẹ̀, ewúrẹ́ a jẹ ewé, ẹyẹ ẹ̀gà a sì ṣa èso. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí: ẹ ṣe ọgbà yí i ká, kí ẹ sì fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ di orí rẹ̀ nígbà tí òdòdó bá rẹ̀. Kí ẹni tí ó ni ewúrẹ́ pẹ̀lú so tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìjà aládùúgbò kò tọ́ sí òdòdó.

Ẹ rántí jogbo, ìbátan rẹ̀ láti Mẹ́síkò, tí ó pọ́n yòò lẹ́bàá ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ nígbà tí ọdún bá ń parí lọ. Àgbẹ̀ ń gégùn-ún fún un, ṣùgbọ́n ewé rẹ̀ tútù jẹ́ ajílẹ̀ rere. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ bò ó mọ́lẹ̀, kí ó jẹrà fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ẹ tó gbin nǹkan síbẹ̀.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí olúkúlùkù baálé ilé àti ọ̀gá ilé-ìwé dá ilẹ̀ díẹ̀ sí níbi tí oòrùn ti ń tàn, kí wọ́n má da sìmẹ́ǹtì bò ó, kí wọ́n sì fi lé àwọn ọmọdé lọ́wọ́ ní oṣù kẹjọ. Ọmọ tí kò gbin nǹkan kan rí, níbo ni yóò ti kọ́ láti mọ àkọ́rọ̀ yàtọ̀ sí àrọ̀kúrò?