Ìwé Nìkan Kò Lè Ṣọ́ Ilẹ̀ Oko

Nítòsí ìlú San Francisco ní Amẹ́ríkà, àgbègbè kan wà tí wọ́n ń pè ní Marin, níbi tí wọ́n ti ń sin màlúù fún wàrà. Nígbà tí àwọn akọ́lé bẹ̀rẹ̀ sí wá ilẹ̀ débẹ̀, obìnrin àgbẹ̀ kan, Ellen Straus, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Phyllis Faber dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lọ́dún 1980 láti dáàbò bo ilẹ̀ oko.

Ẹgbẹ́ yìí kì í gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀. Ẹ̀tọ́ láti kọ́lé rẹpẹtẹ sórí rẹ̀, tàbí láti gé e wẹ́wẹ́ tà, ni wọ́n ń rà. Àgbẹ̀ gbowó, ilẹ̀ sì ṣì jẹ́ tirẹ̀: ó lè dáko, ó lè tà á, ó lè fi í sílẹ̀ fún ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ni ín lẹ́yìn rẹ̀, títí láé, gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé àdéhùn náà.

Títí láé! Ó rọrùn láti kọ sínú ìwé. Iṣẹ́ tó tẹ̀ lé ìwé náà ló wú mi lórí jù. Kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, wọ́n á ya fọ́tò ilẹ̀ náà, wọ́n á kọ ibi tí odò, ọ̀nà àti ilé wà. Lọ́dọọdún, aṣojú ẹgbẹ́ á wá, òun àti olóko á jọ rìn yí oko ká, wọ́n á fi ohun tí wọ́n rí wé ti àkọ́kọ́. Owó wà nípamọ́ fún iṣẹ́ yìí àti fún ẹjọ́, nítorí ẹni tó fọwọ́ sí ìwé kì í sábà dá wàhálà sílẹ̀. Ẹni tó ra ilẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, tí kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ àdéhùn, ni.

Ètò náà ní àléébù. Olówó lè ra irú oko bẹ́ẹ̀ kó fi ṣe ibi ìgbafẹ́. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ kan ní Vermont fi ń fi kún àdéhùn pé, bí olóko bá fẹ́ tà fún ẹni tí kì í ṣe àgbẹ̀, ẹgbẹ́ lè rà á ní iye owó ilẹ̀ oko.

Lọ́dọ̀ wa ní Bẹ̀nẹ̀, láti ìgbà tí òfin ilẹ̀ ọdún 2013 ti jáde, ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń sáré ìwé. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ní Kétu, ní Pọ́bẹ̀, ní Ṣábẹ, ta ló ń rìn yí oko ìdílé ká? Àwọn bàbá wa gbin pèrègún sí ààlà, wọ́n sì ń mú ọmọ dání lọ wò ó. Lónìí, ọmọ wà ní Kútọnu, ìwé wà nínú àpótí, ẹlòmíràn sì ti ń hú pèrègún. Ẹni tó bá ti dé oko bàbá rẹ̀ tó bá bíríkì níbẹ̀ mọ ohun tí mò ń sọ.

Ẹ̀yin olórí ẹbí, ẹ yan ọjọ́ kan lẹ́yìn ìkórè kajú. Kí àgbà kan tó mọ ààlà àti ọ̀dọ́ méjì tó ní fóònù jọ lọ, kí wọ́n ya fọ́tò pèrègún kọ̀ọ̀kan. Ẹ yọ owó ọkọ̀ wọn nínú owó kajú kí ẹ tó pín in.