Ohun Tí Ó Ṣọ̀wọ́n àti Ohun Tí Ó Yẹ Ní Yíyìn

"Yinni yinni, kẹ́ni ó lè ṣèmíràn," ni àwọn baba wa wí, n kò sì rí ẹni tí ó lè sọ ọ̀rọ̀ náà di irọ́. Ṣùgbọ́n wọn kò wí pé kí a máa yin ènìyàn kìkì nítorí pé ohun tí ó ṣe kì í sábà ṣẹlẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ èmi àti àwọn olólùfẹ́ bésíbọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà kò ti bára mu.

Ẹ jẹ́ kí a mú èyí tí wọ́n ń pè ní cycle. Ẹni tí ó bá fi igi gbá bọ́ọ̀lù a sáré dé ibùdó kìíní, tàbí ìkejì, tàbí ìkẹta. Bí bọ́ọ̀lù bá sì fò kọjá odi pápá, a yí gbogbo ibùdó ká padà sílé. Bí ẹnì kan bá ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nínú eré kan ṣoṣo, orúkọ rẹ̀ wọ ìwé ìrántí nìyẹn, ariwo a sì gba pápá kan. Lóòótọ́, ó gba agbára apá, ó sì gba eré ẹsẹ̀, nítorí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo kì í sábà dé ibùdó kẹta. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ibùdó 10 ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó gbá bọ́ọ̀lù kọjá odi lẹ́ẹ̀mejì, tí ó sì dé ibùdó kejì lẹ́ẹ̀mejì, ti jèrè ibùdó 12, síbẹ̀ kò sí orúkọ tí a fi ń ki tirẹ̀. Babe Ruth, tí ó gbá a kọjá odi nígbà 714, kò ṣe cycle rí. Hank Aaron, tí ó fi 755 borí rẹ̀, kò ṣe é rí. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn mìíràn sì ti ṣe é ju ìgbà 300 lọ, tí púpọ̀ nínú wọn kò tó ẹni tí à ń fi wé àwọn méjì yìí. Òṣùwọ̀n tí Ruth àti Aaron kò bá kún, òṣùwọ̀n náà ni kí a tún yẹ̀ wò.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣọ̀wọ́n wà tí ó sì yẹ ní yíyìn. Kí á tó rí erin, ó digbó. Kí á tó rí ẹfọ̀n, ó dọ̀dàn. Kí á tó rí ẹyẹ bí ọ̀kín, ó di gbére. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 28, oṣù Kẹsàn-án, 1941, ọjọ́ tí sáà eré yóò parí, ìṣirò Ted Williams ti ẹgbẹ́ Boston Red Sox jẹ́ .39955, èyí tí àwọn akọ̀wé eré ì bá kà sí .400, ìyẹn àṣeyọrí mẹ́rin nínú ìgbà mẹ́wàá. Joe Cronin, ọ̀gá rẹ̀, yọ̀ǹda pé kí ó jókòó bí ó bá wù ú, kí àbàwọ́n má baà ta sí aṣọ àlà. Williams kọ̀. Ó jáde sí eré méjì tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ náà ní Philadelphia, ó gbá a nígbà 8, ó yege nínú 6, ìṣirò rẹ̀ sì gòkè di .406. Láti ọjọ́ náà, nínú líìgì American àti National, ẹnikẹ́ni kò tún dé .400. Ní ọdún kan náà ni Joe DiMaggio yege nínú eré 56 léraléra, òun ni wọ́n sì fi oyè agbábọ́ọ̀lù tó níyì jù lọ ní líìgì American dá lọ́lá. N kò bá a du ú, nítorí iṣẹ́ oṣù méjì ni, kì í ṣe ti ìrọ̀lẹ́ kan.

Ohun tí ó dùn mí jù ni ti Josh Gibson, akọni a-figi-rán-bọ́ọ̀lù-nírìn-àjò, ẹni tí wọ́n tì mọ́ inú líìgì àwọn aláwọ̀ dúdú nítorí àwọ̀ ara rẹ̀. Ọjọ́ a bá kú là ń dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè: ó gbá .466 ní 1943, ṣùgbọ́n ọdún 2024 ni Major League Baseball, àjọ tí ó ni líìgì American àti National, tó kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ wọn. Oṣù Kìíní 1947 ni ó kú, nígbà tí ó ku nǹkan bí oṣù mẹ́ta kí Jackie Robinson, aláwọ̀ dúdú bíi tirẹ̀, tó wọ líìgì àwọn aláwọ̀ funfun.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń wo eré yìí, ẹ pàtẹ́wọ́ fún ẹni tí ó bá ṣe cycle, ayọ̀ ọjọ́ kan kò burú; ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ sọ orúkọ Josh Gibson fún àwọn ọmọ yín.