Àìsàn Ni, Kì Í Ṣe Àjẹ́

Ẹ̀yin ará Ifẹ̀, láti Lágere dé Ìrẹ̀mọ, ọ̀rọ̀ yìí ń bí mi nínú. Ìyá àgbà á jẹun tán, wọn á ní ẹnikẹ́ni ò fún àwọn lóúnjẹ. Wọn á jáde lóru, wọn ò ní mọ̀nà ilé mọ́. Kíá, ọmọ tí wọ́n gbé pọ̀n á ní àjẹ́ ni wọ́n!

Àìsàn ọpọlọ ni, ẹ gbọ́! Ní 1992 ni àwọn oníṣègùn Ìbàdàn àti ti Indianapolis l'Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ àwọn àgbà Ìdíkàn n'Íbàdàn wò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun wà lára aṣáájú wọn. Wọ́n bá àìsàn ìgbàgbé yìí níbẹ̀, àmọ́ ti àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis pọ̀ jù ú lọ. Ṣé àjẹ́ ló wá pọ̀ l'Amẹ́ríkà tó bẹ́ẹ̀ ni?

Títọ́jú irú ìyá bẹ́ẹ̀ kì í ṣe eré. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo la sì sábà máa ń dá a dá. Ó ń fọ aṣọ, kò róorun sùn, ọjà rẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ékòó, tẹ́ ẹ ti ń sọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí ìsìnkú lábẹ́lẹ̀, owó ẹni tí yóò bá a ṣọ́ ìyá lóru ńkọ́?