Ìtìjú Ni Ọlọ́pàá Ọjà àti ti Àpótí Ìbò

Láyé owó ẹyọ, ọjà kan wà lẹ́bàá ọ̀nà oko nílẹ̀ Yorùbá tí kì í ní olùtajà nídìí. A ó to iṣu tàbí èso kalẹ̀, a ó sì ka òkúta wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti fi iye owó hàn. Ọlọ́jà ti bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Èrò ọ̀nà yóò mú ohun tí ó fẹ́, yóò fi owó rẹ̀ síbẹ̀, yóò sì máa lọ. Ìtìjú ni ó ń ṣọ́ ọjà náà, nítorí ẹni tí ó bá gbé iṣu láìsanwó ti ta orúkọ ilé baba rẹ̀. Olè wà nígbà náà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n a kì í lu ìlù fún un.

Ibi tí olùdìbò ti ń tẹ̀ka kò yàtọ̀ sí ọjà yìí. A ṣe é kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀ nìkan ni ẹlẹ́rìí. Ṣùgbọ́n nígbà ìbò gómìnà Èkìtì ní ọdún 2018, ọ̀rọ̀ tí ó gba ìgboro kan ni "Dìbò, kí o sebẹ̀." Òfin ìdìbò tí a ṣe ní 2022 ka irú òwò yìí sí ẹ̀ṣẹ̀ fún ẹni tí ó fún ni àti ẹni tí ó gbà, ó sì fi ẹ̀wọ̀n oṣù méjìlá, tàbí ìtanràn ₦500,000, tàbí méjèèjì, lélẹ̀ fún un. Síbẹ̀, òfin kò lè dúró ti gbogbo ènìyàn. Níbi tí ìtìjú bá ti kú, ọlọ́pàá kò lè tó.

A mọ̀ pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó ń fi ebi ọmọnìkejì rẹ̀ ṣòwò ni ẹ̀bi rẹ̀ wúwo jù. Ẹni tí ó bá sì ra ìbò yóò fẹ́ jèrè ọjà rẹ̀: nínú owó ọ̀nà, nínú owó oògùn ilé ìwòsàn, àti nínú owó oṣù olùkọ́.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹgbẹ́ yòówù tí ẹ lè wà, ẹ kọ́kọ́ kọ òwò yìí nínú ilé tiyín kí ẹ tó nàka sí ti ẹlòmíràn. Ẹ̀yin olùkọ́, ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ ni a sábà ń lò fún ìdìbò. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ wa rí i pé ibi tí a ti kọ́ wọn ní ìwà ọmọlúàbí ni àwọn àgbà ti ń tà á.