Pápá Hirono: Ọ̀nà Méjì sí Ihò Kan

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí mo bá dárúkọ gọ́ọ̀fù, mo mọ ohun tí yóò sọ sí ọ̀pọ̀ yín lọ́kàn: eré olówó, eré àwọn ọ̀gá oníkùn ńlá. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, àfi ìgbà tí mo kà nípa pápá Hirono, tó wà láàárín igbó igi páìnì ní ìlú Miki, nítòsí Kobe, ní ilẹ̀ Jàpáànì.

Charles Hugh Alison, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ya àwòrán pápá náà. Ọdún 1932 ni wọ́n ṣí i. Òkè kéékèèké, àfonífojì àti adágún omi ló kún ilẹ̀ ibẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá dí àfonífojì, kí ó tẹ́ ilẹ̀ náà pẹrẹsẹ bí ẹní. Alison fi wọ́n sílẹ̀, ó sì sọ wọ́n di ìbéèrè fún ẹni tó mú ọ̀pá dání.

Nínú gọ́ọ̀fù, ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù níwọ̀n ìgbà tó kéré jù lọ kó tó parí ihò 18 ló borí. Nítorí náà, ẹni tí ara rẹ̀ dá lójú yóò gbá a rékọjá àfonífojì tààrà. Bí ó bá yege, èrè rẹ̀ pọ̀. Bí kò bá yege, bọ́ọ̀lù di ti igbó. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ yóò gbá a jẹ́jẹ́ dé etí àfonífojì, yóò sì rékọjá nígbà tó bá tún gbá a. Yóò pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n yóò dé.

Kòtò iyanrìn tí Alison gbẹ́ jìn gan-an, débi pé àwọn ará Jàpáànì ń pe irú kòtò bẹ́ẹ̀ ní “Arison” títí dòní. Èmi tí mo kẹ́kọ̀ọ́ èdè, mo dúró níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́: orúkọ ènìyàn di orúkọ kòtò!

Ohun kan ṣoṣo ni kò dùn mọ́ mi. Ẹgbẹ́ aládàáni ló ni Hirono; àlejò tí ọmọ ẹgbẹ́ kò mú wá kò lè wọlé. Ilẹ̀ tó rántí aláìlágbára báyìí, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ há.

Àwòrán rẹ̀ nìkan ni mo ń wò, mo sì ti mọ ọ̀nà tí èmi ì bá gbà: jẹ́jẹ́, dé etí àfonífojì. Ẹ̀yin ńkọ́?