Ta Ni Yóò Máa Tọ́jú Ọmọ Wa L'ọ́sàn-án?

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Nàìjíríà fagi lé ìlànà tí Ìjọba Àpapọ̀ fọwọ́ sí ní ọdún 2022, èyí tí ó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ wa títí wọn yóò fi parí ọdún kẹfà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n tún fi jọba, láti ilé jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì. Ọ̀rọ̀ náà dùn wá dé ọkàn, a kò sì ní í yé sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbínú kì í kọ́ ọmọ ní èdè. Ẹni tí a bá ti ilẹ̀kùn iwájú mọ́ a máa yí gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ẹ̀yìnkùlé tí àwa fẹ́ kí ẹ̀yin ará Ìwó bá wa yẹ̀ wò ní oṣù yìí ni ilé tí ọmọ ńgbé l'ọ́sàn-án kí ó tó di ọmọ ilé-ìwé rárá. Ìlànà èdè tí wọ́n ṣe fún ilé-ìwé kò dé ibẹ̀. Èdè tí ẹni tí ó ńtọ́jú ọmọ náà bá ńsọ ni ọmọ yóò gbọ́.

Nígbà àtijọ́ a kì í béèrè ẹni tí yóò tọ́jú ọmọ. Agbo-ilé kún, ìyá àgbà wà lẹ́nu ọ̀nà, ìyàwó ilé tí kò lọ sí oko lọ́jọ́ náà wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀gbọ́n wà, àbúrò wà. Àwọn baba wa kò purọ́ nígbà tí wọ́n ní ẹnìkan níí bí ọmọ, igba ènìyàn níí tọ́ ọ. Nísisìyí, igba ènìyàn náà ti fọ́n ká. Ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ńpàtẹ ata ní ọjà Odò-Orí, tàbí kí ó ti lọ bá ọmọ rẹ̀ kan gbé ní Èkó. Ìyàwó ilé ti di olùkọ́, ó ti di nọ́ọ̀sì, ó ti di akọ̀wé. Yunifásítì Bowen tí ó ti ńgba akẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú wa láti ọdún 2002, àti Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìjọba Àpapọ̀ tí ńkọ́ àwọn olùkọ́, mú iṣẹ́ wá fún wa. Wọ́n sì tún mú àwọn abiyamọ wá láti ìlú mìíràn, tí kò ní ìyá tàbí ìyá-ọkọ nítòsí.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ọ̀rọ̀ yìí. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà fún obìnrin tí ó bímọ ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12, mẹ́fà ṣáájú ìbímọ, mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ ńgba ọ̀sẹ̀ 16. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní tirẹ̀ ńsọ pé ọmú ìyá nìkan ni kí ọmọ máa mu fún oṣù 6 gbáko. Òfin tilẹ̀ ní kí a máa fún ìyá ọlọ́mú ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ lẹ́nu iṣẹ́ kí ó fi fún ọmọ lọ́mú. Ó dára; ṣùgbọ́n níbo ni ọmọ náà wà tí ìyá yóò fi lọ, tí yóò fún un lọ́mú, tí yóò sì padà láàrin ààbọ̀ wákàtí? Èyí nìyí fún ẹni tí ó ní ọ̀gá. Obìnrin tí ó jókòó ti igbá tòmátì ní Odò-Orí kò ní ẹni tí yóò fún un ní ìsinmi kankan. Ọjọ́ tí kò bá pàtẹ, kò jẹun.

Nítorí náà, a mọ ibi tí àwọn ọmọ náà ńlọ. Òmíràn wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ nínú oòrùn àti èéfín láti òwúrọ̀ di alẹ́. Òmíràn wà lọ́wọ́ ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́wàá kan tí a lọ mú wá láti abúlé, tí òun fúnra rẹ̀ yẹ kí ó wà ní ilé-ìwé. Àwa kò ní fi ọ̀rọ̀ yìí bọpo bọyọ̀: ọmọ méjì ni a ńfi irú ètò bẹ́ẹ̀ bà jẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èyí tí wọ́n pọ̀n àti èyí tí ó pọ̀n ọ́n. Àwọn yòókù ńlọ sí ilé ìtọ́jú ọmọ tí a so mọ́ ilé-ìwé aládàáni, níbi tí ọmọ ti pọ̀ ju ọwọ́ lọ, tí a sì ti ńna ahọ́n ọmọ ọlọ́dún méjì sí Gẹ̀ẹ́sì tí olùtọ́jú rẹ̀ gan-an kò gbọ́ dáadáa.

Ohun tí àwa ńdá lábàá ni pé kí àwọn obìnrin Ìwó tí ó ní ilé, tí ó ní sùúrù, tí ó sì mọ ọmọ tọ́, sọ pálọ̀ àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn di ilé ìtọ́jú ọmọ kékeré. Kí wọ́n gba ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin láti àdúgbò, kí wọ́n sì máa gba owó iṣẹ́ wọn.

Àwọn kan yóò ní ìtìjú ni kí a gba owó lọ́wọ́ aládùúgbò nítorí ọmọ. Ní Ìwó wo? Nínú ìlú tí a mọ̀ ká gbogbo ilẹ̀ Yorùbá fún ìmọ̀ kéwú, kí ni ilé-kéwú jẹ́ ní ìpilẹ̀ṣẹ̀ bí kò ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ààfáà, tí àwọn òbí ńmú ọmọ lọ ní òwúrọ̀, tí àwọn ọmọ sì ńmú owó Àlàrùbá dání ní ọjọ́rú? Kò sí ẹni tí ó pe ààfáà ní olójúkòkòrò. Bí a bá lè sanwó fún ẹni tí ńkọ́ ọmọ ní álífì, a lè sanwó fún obìnrin tí ó kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde.

Àtakò kejì lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ, ẹnu àwọn òbí tí ó mọ̀wé ni a sì ti ńgbọ́ ọ jù. Wọ́n ní bí ọmọ bá ńgbọ́ Yorùbá nìkan títí di ọdún mẹ́ta, yóò rẹ̀yìn ní ilé-ìwé. Ìdáhùn wà ní Ilé-Ifẹ̀, kò jìnnà sí wa. Ní oṣù kìíní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ní ilé-ìwé St. Stephen's ‘A’ ní Mọdákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 1989 fi hàn pé àwọn ọmọ wọ̀nyí kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ nínú àwọn iṣẹ́ yòókù. Bí ọdún mẹ́fà ní ilé-ìwé kò bá pa Gẹ̀ẹ́sì wọn lára, kí ni ọdún mẹ́ta ní ilé ìyá aládùúgbò yóò pa?

Ní ìdàkejì, a ti rí ohun tí ó ńṣẹlẹ̀ bí a bá fi àwọn ọdún àkọ́kọ́ náà lé àjèjì lọ́wọ́. Láti bíi ọdún 1955 síwájú, ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ Yorùbá tí ó lọ kàwé ní Ìlú Ọba, tí wọ́n ńkàwé l'ọ́sàn-án tí wọ́n sì ńṣiṣẹ́ l'óru, polówó nínú ìwé ìròyìn pé àwọn ńwá ìdílé òyìnbó tí yóò gba ọmọ tọ́. Àìní ni ó lé wọn débẹ̀, a kò dá wọn lẹ́bi. Òṣèré nì, Adewale Akinnuoye-Agbaje, tí wọ́n gbé fún ìdílé òyìnbó ní Tilbury nígbà tí ó wà ní ìkókó, fi ìtàn ara rẹ̀ ṣe fíìmù ní ọdún 2018. Àwọn òbí kàn fẹ́ ibi tí ọmọ yóò ti sùn kí wọ́n lè ríṣẹ́ ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gba ọmọ tí kò gbọ́ èdè wọn padà.

Ẹ̀yà Maori ní ilẹ̀ New Zealand rí i pé èdè wọn ńkú lọ lẹ́nu àwọn ọmọdé. Wọn kò dúró de ilé-ìwé. Ní ọdún 1982, ní Wainuiomata lẹ́bàá Wellington, wọ́n ṣí ilé ìtọ́jú ọmọ àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ pé àwọn àgbàlagbà tí ó ṣì gbọ́ èdè náà ni ó ńtọ́jú àwọn ọmọ kéékèèké, tí wọ́n sì ńbá wọn sọ ọ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní èdè wọn túmọ̀ sí “ìtẹ́ èdè.” Láàrin ọdún díẹ̀ ó ti di ọgọ́rọ̀ọ̀rún ká ilẹ̀ náà. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé àwọn ará Ìwó ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí ìlú odídẹrẹ́ ni a ńpè wá. A mọ̀ pé ohun tí ẹyẹ náà bá gbọ́ ní kékeré ni yóò máa wí.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé nítorí a ńpe ilé àwọn ọmọdé ní jẹ́lé-ó-sinmi, ilé tí a ńsọ yìí yóò sinmi. Iṣẹ́ ni. Ohun tí ó sì ńba irú iṣẹ́ yìí jẹ́ jù ni ojúkòkòrò iye ọmọ. Ní ilẹ̀ Ẹ̀ńgílánì, ẹni tí ó ńtọ́jú ọmọ nínú ilé ara rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbà ju mẹ́fà tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ lọ. Nínú wọn, mẹ́ta ni gbogbogbòò ni ó lè wà lábẹ́ ọdún márùn-ún, ọ̀kan ṣoṣo lábẹ́ ọdún kan. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní omi ẹ̀rọ àti iná tí kì í kú. Obìnrin tí ó bá fẹ́ gba ìkókó méjì ní Ìwó, kí ó wá ẹnìkejì tí yóò ràn án lọ́wọ́, àgbàlagbà, kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀.

Kànga ni kí ó kọ́kọ́ wò. Kí ó ní ìdérí tí ọmọdé kò lè ṣí, nítorí ọmọ tí ó ńrìn tẹ̀tẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú kan lọ láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ibẹ̀. Kí ibi ìdáná ní ilẹ̀kùn. Kí jẹnẹrétọ̀ má sí lẹ́bàá fèrèsé yàrá tí ọmọ ńsùn. Ọmọ tí ó bá ńsùn, kí a fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀, kí a má dojú rẹ̀ délẹ̀. Omi ọmú tí ìyá fún sílẹ̀ kò gbọdọ̀ ju wákàtí mẹ́rin lọ níta, nínú ooru ilẹ̀ wa kí ó tilẹ̀ dín. Ife kékeré àti ṣíbí sì sàn ju ìgò tí kò ṣe é fọ̀ dénú. Ẹ̀pà kì í ṣe ohun tí a ńfún ọmọ ọlọ́dún méjì. Ní ti rírọ ọmọ, tí a ńfi àtẹ́lẹwọ́ dí i nímú kí ó lè gbé ẹ̀kọ́ mì, àwa mọ̀ pé àwọn ìyá wa ṣe é, síbẹ̀ a ní kí ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀: ẹ̀kọ́ tí ó gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sí ẹ̀dọ̀fóró ti pa ọmọ púpọ̀. Kí a má sì fún ọmọ ọlọ́mọ ní àgbo tàbí oògùn òyìnbó láìjẹ́ pé ìyá rẹ̀ mọ̀.

Ohun kan ṣì wà tí ó lè sọ gbogbo làálàá yìí di asán. Bí obìnrin náà bá jẹ́ ọmọ Yorùbá pátápátá, ṣùgbọ́n tí ó gbé ọmọ ka iwájú tẹlifíṣàn tàbí fóònù tí ńkọrin Gẹ̀ẹ́sì láti àárọ̀, tẹlifíṣàn ni alágbàtọ́. Láti ọdún 2019 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti gbani nímọ̀ràn pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì kò ní ohun tí ó ńṣe níwájú rẹ̀. Kí a pe ohun kọ̀ọ̀kan ní orúkọ rẹ̀ fún ọmọ, kí a pa àlọ́ fún un, kí a kí i, kí a kọ́ ọ bí a ti ńkúnlẹ̀ àti bí a ti ńdọ̀bálẹ̀.

Ní ti owó, olówó oṣù lè san án lóṣooṣù. Ẹni tí ó ńpàtẹ, kí ó máa san án lójoojúmọ́ bí a ti ńdá àjọ, nítorí gbèsè oṣù kan ni ó ńba àárín ìyá méjì jẹ́. Kí ìwé kan wà tí a ńkọ àkókò tí ọmọ dé, ohun tí ó jẹ, àti ẹni tí ó wá mú un lọ, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù ìyá. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 ní apá kan lórí àwọn tí ó ńgba owó tọ́jú ọmọ kéékèèké, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun pẹ̀lú sì ní òfin tirẹ̀ lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé. Nítorí náà, kí ẹni tí yóò bẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ lọ béèrè bí a ti ńforúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ tí ó ńmójú tó ire ọmọdé.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ tí ó ní ọmọ kékeré, ẹ má wá sí ìpàdé wá sunkún èdè Yorùbá ní alẹ́, kí ẹ sì gbé ọmọ yín lọ síbi tí wọn kì í ti sọ ọ́ ní òwúrọ̀. Ẹ̀yin ìyá tí ó bá sì fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ mú orúkọ yín wá sí ìpàdé oṣù tí ńbọ̀. Àwọn àgbà obìnrin inú ẹgbẹ́ yóò wá wo ilé náà. Ẹni tí kànga rẹ̀ kò bá ní ìdérí, kí ó sọ fún wa kí a lè bá a dá owó ṣe é kí ọmọ àkọ́kọ́ tó dé.